Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Lefebvre àti Ìjà Lórí Ìgbàgbọ́ Àtijọ́ nínú Ìjọ Àgùdà

Nígbà tí Póòpù Francis kú ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di àríyànjiyàn láàárín wa lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́. Ọmọ Àgùdà kan nínú wa sọ pé òun kò ní sunkún púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ó ti fi ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wa ṣeré. Ẹnu ya àna rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin Àgùdà náà máa ń bá Póòpù yín jà ni? Èmi rò pé ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e ni." Mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìjà yìí ti wà kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí sì ni ẹni tó ṣe olórí rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù.

Bí a bá wí pé Àgùdà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìhín mọ̀ pé ìjọ Kátólíìkì là ń wí. Àwọn ará wa tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó ló mú orúkọ náà wá, àwọn ló sì ń kó ara wọn jọ gbàdúrà ní Èkó kí àlùfáà òyìnbó kankan tó wá bá wọn gbé.

Bàbá mi, tó bá iṣẹ́ Rélùwéè dé Kàdúná, mọ Mísà àtijọ́ lórí. Àlùfáà á kọjú sí pẹpẹ, á kọ ẹ̀yìn sí ìjọ, èdè Látìn ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Látìn kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Tiv àti ará Gúúsù Kàdúná, bákan náà ni wọ́n ń dáhùn. Nígbà tí Látìn kúrò nílẹ̀, ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni pé, èdè ta ni a ó máa lò? Ní Ìbàdàn kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo dàgbà sí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi parí ìjà, pẹ̀lú Hausa àti Ìgbò. Mísà Yorùbá a máa wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí a bá rí àlùfáà tó gbọ́ èdè wa. Bàbá mi a máa sọ pé láyé Látìn, kò sí ẹni tó jẹ́ àlejò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí èyí sọ nù fún àwa tí a wà lẹ́yìn odi, àwọn tó wà nílé lè má tètè mọ̀ ọ́n.

Ibo ni ìyípadà náà ti wá? Póòpù John Kẹtàlélógún ló pe Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, 1962, tó sì parí ní oṣù Kejìlá, 1965, lábẹ́ Póòpù Paul Kẹfà. Bíṣọ́ọ̀bù tó lé ní 2,000 ló péjọ láti gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí ìwé ìjọsìn ní ọjọ́ 4, oṣù Kejìlá, 1963, àwọn 2,147 fọwọ́ sí i, àwọn mẹ́rin péré ni kò gbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìwé yẹn kò sọ pé kí wọ́n pa Látìn tì. Ó ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì fún èdè ìbílẹ̀ láàyè sí i. Mísà tuntun tí Póòpù Paul fọwọ́ sí ní 1969, tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún náà, ló wá gba ipò ti àtijọ́. Kádínà Ottaviani, tó ti ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù, àti Kádínà Bacci kọ̀wé sí Póòpù pé Mísà yìí ń yà kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìgbìmọ̀ Trent ti ayé àtijọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọmọdé ìjọ ló ń ráhùn.

Marcel Lefebvre ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá dúró sí lọ́wọ́. Ọmọ Faransé ni, a bí i ní Tourcoing ní 1905. Ó dé Gabon ní 1932, ó sì kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fẹ́ di àlùfáà níbẹ̀. Ní 1947 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó di aṣojú Póòpù fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Òun ni áṣíbíṣọ́ọ̀bù Dakar títí di 1962. Ní 1949 ó gbé ọwọ́ lé ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan tó ń jẹ́ Hyacinthe Thiandoum lórí, ó sọ ọ́ di àlùfáà. Thiandoum yìí kan náà ló gba ipò rẹ̀ ní Dakar ní 1962. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn.

Lefebvre kò ka ara rẹ̀ sí ọlọ̀tẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ohun tí àwọn Póòpù àtijọ́ kọ́ òun ni òun dì mú, bí àwọn tòní bá sì sọ òdìkejì rẹ̀, àwọn ló kúrò lójú ọ̀nà. Kì í ṣe Látìn nìkan ló ń dùn ún. Ní oṣù Kejìlá, 1965, Ìgbìmọ̀ sọ pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ fi ipá mú ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní 1864, Póòpù Pius Kẹsàn-án ti bu ẹnu àtẹ́ lu irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Lefebvre béèrè pé, àwọn méjèèjì ṣe lè tọ̀nà? Èmi kò pe ìbéèrè yẹn ní ìbéèrè òmùgọ̀; títí di òní, àwọn onímọ̀ ìjọ ṣì ń wá ọ̀rọ̀ láti fi dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí èyí, ti Ìgbìmọ̀ ni èmi ń ṣe. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ́ Ràṣídì àti àbúrò tó ń jẹ́ Joseph, tó sì ti gbé ilẹ̀ Hausa nígbà tí ìlú gbóná, mọ ìdí rẹ̀.

Ní 1970 Lefebvre dá ẹgbẹ́ àlùfáà sílẹ̀ lórúkọ Póòpù Pius Kẹwàá, ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì wà ní Écône ní Switzerland. Ní 1975 wọ́n gba àṣẹ ẹgbẹ́ náà padà. Róòmù kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ẹnikẹ́ni di àlùfáà mọ́. Ó ṣe é ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, 1976, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà. Ọdún yẹn gan-an ni Póòpù Paul fi Thiandoum jẹ Kádínà. Ọmọ tí Lefebvre fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ di àlùfáà wá ń sáré láàárín òun àti Póòpù, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ilé má tú. Kò rọrùn fún un, nítorí kò bú bàbá rẹ̀, kò sì tẹ̀lé e.

Ní oṣù Kẹwàá, 1986, Póòpù John Paul Kejì pe àwọn olórí ẹ̀sìn gbogbo sí Assisi láti gbàdúrà fún àlàáfíà. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Kádínà Arinze, ọmọ Nàìjíríà tiwa, ló ń ṣe olórí ọ́fíìsì Róòmù tó ń rí sí àjọṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn nígbà náà. Lójú Lefebvre, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, 1988, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Kádínà Ratzinger. Ilẹ̀ mọ́, ó yí ọkàn padà. Ó ti di ẹni ọdún 82, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá kú, kò ní sí bíṣọ́ọ̀bù tí yóò máa yan àlùfáà fún àwọn ènìyàn òun. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ó fi àwọn mẹ́rin jẹ bíṣọ́ọ̀bù láìsí àṣẹ Póòpù. De Castro Mayer, tó ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù Campos ní Brazil, bá a gbé ọwọ́ lé wọn. Róòmù kéde pé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti yọ ara wọn kúrò nínú ìjọ. Àwọn kan nínú àlùfáà rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Póòpù lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n sì gba àyè láti máa ṣe Mísà àtijọ́. Lefebvre kú ní oṣù Kẹta, 1991, láìparí ìjà.

Nígbà tí Ratzinger di Póòpù Benedict, ó ṣí ilẹ̀kùn Mísà àtijọ́ fún gbogbo àlùfáà ní 2007, ó sì mú ìyọnìjọ kúrò lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin náà ní 2009. Ní 2021 Póòpù Francis ti ilẹ̀kùn yẹn padà dé ìdajì. Ibẹ̀ ni ìbínú ará wa ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó bí i nínú jù ni ìwé tó jáde ní Róòmù ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, 2023, pé àlùfáà lè súre fún àwọn tí ìgbéyàwó wọn kò bá òfin ìjọ mu, títí kan ọkùnrin àti ọkùnrin, bí kò bá ti jọ ìsìn ìgbéyàwó. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà fi sọ pé kò sí àyè fún un níbí. Kádínà Ambongo ti Kinshasa kó èrò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà jọ, ó gbé e lọ sí Róòmù fúnra rẹ̀, ó sì jókòó pẹ̀lú olórí ọ́fíìsì tó kọ ìwé náà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kìn-ín-ní, 2024, èsì wọn jáde: Áfíríkà kò ní ṣe irú ìsúre bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Póòpù Francis mọ̀ sí i, ó sì fọwọ́ sí i.