Hẹ̀rẹ̀huru Inú Ilé

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nígbà tí àwọn àgbà bá pa òwe yìí, oníwàkiwà ni wọ́n sábà ń bá wí: ọmọ tó ń jalè, àbúrò tó ń bá ẹgbẹ́ búburú rìn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ lónìí bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an. Àwọn èèyàn jọ sùn sínú ilé kan. Ara ọ̀kan kò dá, gbogbo wọn ni oorun dá lójú.

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Alédjo, ní Bassila àti ní Manigri, lórílẹ̀-èdè Benin, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kì í fi agbo ilé sílẹ̀. Eruku àti òtútù òwúrọ̀ ni a máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n ní ipa tiwọn lóòótọ́: ọyẹ́ ń mú kí imú àti ọ̀fun gbẹ, òtútù sì ń kó wa jọ sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n eruku kì í bí fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ikọ́ àti ọ̀fìnkìn. Ara èèyàn ló ti ń wá, ẹni tó sì sábà ń gbé e wọlé ni ẹni tí a kò ní fura sí: ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti ilé ìwé tàbí ilé kéú dé, tó ju àpò sílẹ̀, tó sì sáré lọ gbé àbúrò rẹ̀.

Ní Kilifi, ní etíkun Kenya, àwọn olùwádìí tọ ipa ọ̀nà yìí ní 2009 sí 2010. RSV ni wọ́n ń wá, fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jòjòló jà gidigidi. Wọ́n yan ìdílé 44 tí ọmọ tuntun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, wọ́n sì ń gba ikun imú gbogbo ará ilé, èèyàn 451, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́rin síra wọn, ì báà ṣe aláìsàn tàbí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọmọ jòjòló 28 ló kó o. Inú ilé ni 15 ti kó o, nínú 15 yìí, ọmọdé tó jù wọ́n lọ ló kọ́kọ́ gbé e wọlé fún 11. Mẹ́wàá nínú àwọn ọmọdé 11 náà ló ń lọ sí ilé ìwé.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbé. Bí ìyá bá wà ní oko kajú, ẹ̀gbọ́n ló ń pọn ọmọ, òun ló ń nu ikun rẹ̀, orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Ọwọ́ ọmọdé kì í kúrò nímú. Fáírọ́ọ̀sì flu tó ń jáde lára àgbàlagbà fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje sì lè wà lára ọmọdé fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó gbé àrùn wọlé lè má jìyà rẹ̀ tó ẹni tí ó bá nílé. Nígbà àjàkálẹ̀ èéyi ọdún 1979 ní Bissau, olú ìlú Guinea-Bissau, olùwádìí Peter Aaby rí i pé àwọn ọmọ tó kó o lára ọmọ mìíràn nínú ilé kan náà ń kú ju àwọn tó kó o níta lọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tó bá sùn ti aláìsàn mọ́jú ń fa fáírọ́ọ̀sì púpọ̀ símú.

Níbí ni mo ti yà díẹ̀ lọ́dọ̀ òwe náà. Ó dá ẹni tó jẹ kòkòrò lẹ́bi, ọmọ yìí kò sì jẹ ohunkóhun; ìfẹ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹ má nà án. Ṣùgbọ́n kí a tètè sọ fún un, ìyẹn dúró. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbọ́ràn: fi ọṣẹ fọwọ́ kí o tó gbé àbúrò rẹ, bí o bá fẹ́ wúkọ́, wú u sí ìgúnpá, lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn bá mú ọ, ìyá àgbà ni yóò pọn ọmọ. Tàwọn àgbà ni ẹní ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ń wúkọ́, fèrèsé ṣíṣí, àti kí èéfín igi má wọ yàrá ọmọ. Kí ìyá má sì dá ọmú dúró. Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV fún aláboyún, kí ọmọ ti ní ààbò kí a tó bí i. N kò rí ìdí tí aláboyún Bassila yóò fi jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò rí i gbà.

Bí ikọ́ bá ti mú ọmọ ìkókó, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò sunkún, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tàbí 50 fún ọmọ oṣù méjì sí ọdún kan, bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó jẹ́ lóru.