Ọdún 21 Tàbí Ikú: Bí Ìbọn Ṣe Ń Yí Ìdájọ́ Olè Padà ní Nàìjíríà

 Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀, torí náà kí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán.

Ẹ rántí oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìròyìn kan gba orí fóònù gbogbo wa kan: ọmọkùnrin kan láti Òkúkù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ikú fún láti ọdún 2014. Ọdún 2010 ni wọ́n mú un, ọmọ ọdún 17 sì ni nígbà yẹn. Ohun tí gbogbo èèyàn ń pín kiri ni pé adìẹ àti ẹyin ni wọ́n ní ó jí. Ẹ wo ariwo! Àwọn kan ń bú adájọ́, àwọn kan ń béèrè pé adìẹ mélòó ló tó ẹ̀mí èèyàn. Gómìnà Ademola Adeleke dá sí i, ó sì foríjì í kí oṣù yẹn tó parí.

Èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó ka òfin tí wọ́n fi dá ẹjọ́ yẹn, ẹ máa rí i pé adìẹ ò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni ìdigunjalè: wọ́n ní ìbọn àti àdá wà lọ́wọ́ àwọn tó wọlé onílé. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti yí padà. Ì bá jẹ́ adìẹ kan, ì bá jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, nǹkan ìjà ni òfin yẹn ń wò, kì í wo ẹrù.

Báwo la ṣe débẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1970.

Oṣù Kìíní ọdún yẹn ni ogun abẹ́lé parí. Ogun parí, ìbọn ò parí. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri, iṣẹ́ ò sí, àwọn adigunjalè sì ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì. Kí ogun tó dé, ibi tí ìjìyà olè tó gbé nǹkan ìjà mọ ni ẹ̀wọ̀n gbére. Ìjọba ológun Yakubu Gowon wá gbé òfin tuntun jáde lọ́dún 1970 kan náà, òfin ìdigunjalè àti ìbọn, nọ́ńbà 47. Òfin náà fa ìlà kan sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ipá jalè láìsí nǹkan ìjà lọ́wọ́ á ṣẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21. Tí ìbọn tàbí nǹkan ìjà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó bá ṣe ẹnì kan léṣe, ikú ni. Wọ́n lè yẹgi fún un, wọ́n sì lè yìnbọn fún un, bí gómìnà bá ṣe fẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò sọ pé ó pa ẹnikẹ́ni. Kò dìgbà tó bá yìnbọn. Kó ṣáà ti gbé e dání.

Ẹni tó bá sì wà pẹ̀lú ẹni tó gbé ìbọn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó wa ọkọ̀, ẹni tó dúró sẹ́nu géètì tó ń ṣọ́nà, ọmọ ọdún 19 tí ẹ̀gbọ́n àdúgbò ní kó tẹ̀ lé òun: ikú ni fún gbogbo wọn. Àwọn àgbà wa náà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò sọ pé ká pa àwọn méjèèjì.

Kókó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Orúkọ ìbọn ni òfin yìí ń jẹ́, àmọ́ kì í ṣe ìbọn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àdá wà níbẹ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, kùmọ̀, títí dórí igi, irin, ìgò tàbí òkúta tí èèyàn lè fi ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe. Lójú òfin yìí, ẹni tó mú AK-47 lọ ja báńkì lólè àti ẹni tó fi ìgò fífọ́ gba fóònù lábẹ́ bíríìjì, orí ìlà kan náà ni wọ́n dúró sí. Adájọ́ ò ní àyè láti sọ pé tèyí kéré sí tọ̀hún. Tí ẹ̀rí bá ti fi hàn pé nǹkan ìjà wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dè. Kò tiẹ̀ di dandan kí ọlọ́pàá gbé ìbọn náà wá síwájú adájọ́. Àwọn ilé ẹjọ́ gíga wa ti sọ ọ́ léraléra pé tí adájọ́ bá ti gba ẹlẹ́rìí tó rí ìbọn gbọ́, ó tó.

Ẹni tó wá ní ìbọn nílé láìgbàṣẹ, tí kò fi jalè ńkọ́? Òfin kan náà ní kó san owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. 20,000 náírà! Láyé ọjọ́un, owó ńlá ni. Lónìí, ẹ wo iye tí ẹ fi ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín.

Ọdún 1971 ni àwọn èèyàn fojú rí òfin náà. Ẹ mọ Bar Beach, níbi tí àwọn ilé gogoro Eko Atlantic wà báyìí? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so àwọn adigunjalè mọ́ òpó, tí àwọn ọmọ ogun á yìnbọn fún wọn, tí èrò rẹpẹtẹ á pé láti wòran. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi, ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwòrán adigunjalè ti di ọ̀kan ṣoṣo lọ́kàn wa: ọkùnrin ògbójú tí kò bẹ̀rù ọta. Òfin sì fi àwòrán yẹn wọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú, títí kan ẹni tó kàn tẹ̀ lé wọn lọ.

Ìgbìmọ̀ pàtàkì ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọn nígbà yẹn: adájọ́ kan, ọ̀gá ológun kan, ọ̀gá ọlọ́pàá kan. Kò sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Gómìnà ológun ló ń fọwọ́ sí i, ó parí. Nígbà tí alágbádá dé lọ́dún 1979, ẹjọ́ padà sí ilé ẹjọ́ gíga, ẹni tí wọ́n dájọ́ fún sì lè pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀rọ̀ Nasiru Bello ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, èmi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n dájọ́ ikú fún un lórí ìdigunjalè, ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílé ẹjọ́ nígbà tí ìjọba pa á lọ́dún 1981. Lọ́dún 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á, kí wọ́n sanwó fún ìdílé tó fi sílẹ̀. Owó ni wọ́n lè san. Ta ló máa wá gbọ́ ẹjọ́ tó pè?

Kó tó dọdún 1986 ni àwọn ológun ti padà dé, tí òfin nọ́ńbà 5 ti ọdún 1984 sì ti dá ìgbìmọ̀ náà padà. Ọdún 1986 yẹn náà ni Lawrence Anini da ìlú Benin rú. Nígbà tí wọ́n mú un, wọ́n rí i pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́, tó ń fún wọn ní ìbọn ìjọba. Wọ́n yìnbọn pa òun náà lọ́dún 1987. Ọdún 17 lẹ́yìn tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, ìbẹ̀rù ikú ò dá olè dúró, kò sì dá ọlọ́pàá dúró.

Lójú tèmi, àléébù tó tóbi jù nínú òfin yìí rèé. Ẹni tó gbé ìbọn wọlé yín ti mọ̀ pé tí wọ́n bá mú òun, ikú ni, yálà òun pa yín tàbí òun ò pa yín. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí. Kí ni òfin fi sílẹ̀ tó máa mú kó dá ẹ̀mí yín sí?

Ọdún 1999 ni ẹjọ́ padà sí ilé ẹjọ́ gíga, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ìlà náà ò yẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ọ̀daràn tirẹ̀ lọ́dún 2011, ọdún 21 àti ikú kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gómìnà kì í fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ikú mọ́, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà foríjì ẹni náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n á jókòó sẹ́wọ̀n fún ọdún 10, ọdún 15, kò ní mọ èyí tí òwúrọ̀ ọ̀la máa mú wá. Ó sì ń ṣẹlẹ̀: oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n yẹgi fún ọkùnrin mẹ́ta ní Benin.

Ọmọ Òkúkù yẹn ti padà sílé. Òfin tí wọ́n fi dá ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, kò sí lẹ́tà kan tí wọ́n yí padà nínú rẹ̀ nítorí tirẹ̀.