Ìtàn Linux, Fún Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Ilé Rẹ̀ Ti Gbó

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí ìkìlọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni Microsoft parí àtúnṣe tó máa ń ṣe sí Windows 10 déédéé. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Beirut Road ní Kano, torí ó ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti ẹ̀rọ inú tí kò tíì pẹ́ jù. Laptop tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa wá di ohun tí wọ́n ní ká gbé jù sórí ààtàn.

Àwọn ọmọ wa ń pariwo Linux. Àwọn àgbà ń bi mí pé kí ni ìyẹn, ṣé kì í ṣe gbájú-ẹ̀, torí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá ti ṣòwò pẹ́ mọ̀ pé ọ̀fẹ́ máa ń nídìí. Ìdí ti eléyìí, ìtàn ló wà níbẹ̀.

Windows jẹ́ operating system, ìyẹn ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà tó kù. Tí ẹ bá rà á, àṣẹ láti lò ó lẹ rà. Ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́, tí wọ́n ń pè ní source code, kò sí lára ohun tí ẹ sanwó fún. Ó dà bíi kí ẹni tó ta jẹnẹrétọ̀ fún yín fi àgádágodo ti ìdérí rẹ̀, kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.

Ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lọ́wọ́ Xerox, bébà sì máa ń há sínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, Richard Stallman, ti tún software ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ṣe, tó jẹ́ pé bí bébà bá há, kọ̀ǹpútà á sọ fún ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí tuntun yìí, àmọ́ kò rí source code rẹ̀. Ó rìn lọ bá ọkùnrin kan ní Carnegie Mellon tó ní i lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ó dun Stallman wọra.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde pé òun máa kọ operating system tuntun tí ìlànà rẹ̀ á wà ní gbangba. Ó pè é ní GNU. Ní January 1984 ó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní MIT, kí yunifásítì má bàa sọ pé àwọn ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n oníṣòwò nìyẹn jàre. Ní 1989 ló gbé ìwé àdéhùn kan jáde, tí wọ́n ń pè ní GPL: lò ó bó ṣe wù ọ́, tú u wò, tún un ṣe, fún ẹlòmíì, kódà tà á, ṣùgbọ́n ẹni tí o bá fún gbọ́dọ̀ ní irú ẹ̀tọ́ tí ìwọ náà ní. Gẹ̀ẹ́sì ló kó ọ̀rọ̀ yìí rú, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe òmìnira àti ọ̀fẹ́. Yorùbá tiwa yà wọ́n sọ́tọ̀. Òmìnira ni Stallman ń wí.

GNU wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán, àfi ọkàn rẹ̀ gan-an tí kò tíì ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 21 kan ní yunifásítì Helsinki ní Finland ló kọ èyí tó dí àlàfo náà. Linus Torvalds lorúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ń fi nǹkan kan ṣeré, pé kò ní tóbi. Kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe é, àwìn ló fi rà á, tó ń san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń lo Linux gbọ́, wọ́n dá owó jọ láti bá a san gbèsè náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí i rí. Ẹni tó bá mọ àjọ àti ọ̀wẹ̀ á rí i pé nǹkan tiwa náà nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, Linus ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó lórí ẹ̀. Ní 1992 ló yí i sí GPL ti Stallman, ìgbà yẹn lòwò wọ inú ẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni Linux ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Ian Murdock bẹ̀rẹ̀ Debian ní 1993. Inú Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ti kọ́ iṣẹ́ díẹ̀. Òun ló ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ Thawte ní 1999 fún owó dọ́là tó ju mílíọ̀nù 500 lọ, tó sì gòkè lọ sínú òfuurufú ní 2002. Ní October 2004 ó gbé Ubuntu jáde lórí ìpìlẹ̀ Debian. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni Ubuntu, ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Ẹ wo ohun tó ṣe: ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lágbára lè béèrè àwo CD, wọ́n á fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, títí dé Nàìjíríà. Ọdún 2011 ni wọ́n dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba wa pẹ̀lú. Ní 2007, Nàìjíríà ṣètò láti ra 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré fún ilé ìwé, Linux ti ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ló sì yẹ kó wà nínú wọn. Lójijì Mandriva gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá wọn, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí àwọn ńlá ń jà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ iléèwé. Ohun tí ọmọ bá fi kọ́ iṣẹ́, òun ló máa rà tó bá dàgbà.

Ẹni tó bá ṣì ń bẹ̀rù, fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, Linux ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ilé ńkọ́? Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ Linux Mint sínú fúláàṣì, tàbí Lubuntu tí ẹ̀rọ náà bá ti gbó gan-an. Ó máa ṣí láti inú fúláàṣì láìfọwọ́ kan Windows tó wà nílẹ̀. Ẹ lò ó wò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. LibreOffice inú ẹ̀ máa ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Àmọ́ ẹni tó ń fi software ìṣirò owó ṣòwò, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń fi ti JAMB kọ́ ìdánwò, kó wádìí ná, torí èyí tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ tó pa Windows rẹ́, ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín sí ibòmíì.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síbí ń sọ Hausa níta, wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, orúkọ ara wọn gan-an wọn kì í fi àmì sí i. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux, tó ní ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ lọ sí ibi ètò Keyboard, ẹ wá Nigeria, ẹ mú Yoruba.