Àwọn Ọ̀dọ́ Lórí Pápá Màlúù, 1969

Bí a bá dárúkọ Woodstock, irun gígùn, igbó mímu àti aṣọ jákujàku ni ọ̀pọ̀ àgbà máa ń kọ́kọ́ rántí. Wọn kò parọ́. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ogun ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1969, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi òfin mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọṣẹ́ ológun láti lọ jà ní Vietnam. Ọmọ ọdún 18 lè lọ kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò lè dìbò títí yóò fi pé ọdún 21. Ọdún 1971 ni wọ́n tó yí òfin ìdìbò yẹn padà. Ẹni tí kò lóhùn níbi tí wọ́n ti ń pinnu ikú rẹ̀, níbo ni kó ti sọ tẹnu rẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn fi orin sọ ọ́.

Ìlú Wallkill ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò, ṣùgbọ́n ìlú náà kọ̀ fún wọn lóṣù Keje. Ó ku bí oṣù kan péré. Max Yasgur, àgbẹ̀ ẹni ọdún 49 tó ń sin màlúù fún wàrà ní Bethel, ló fún wọn ní pápá rẹ̀. Ó gbowó o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn aládùúgbò kan bínú, wọ́n gbé pátákó síta pé kí ẹnikẹ́ni má ra wàrà rẹ̀ mọ́. Kò yẹsẹ̀. Lójú tèmi, òun ni akọni inú ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọrin.

Àkókò kò tó láti parí ọgbà àti ìtàgé pọ̀, ìtàgé ni wọ́n parí. Bí ó ṣe di ọ̀fẹ́ nìyẹn, àtẹni tó ti san dọ́là 18 àtẹni tí kò san kọ́bọ̀. Èèyàn 50,000 ni wọ́n sọ fún ìlú pé ó ń bọ̀. Àwọn tó dé tó 400,000. Òjò rọ̀, ẹrẹ̀ gba gbogbo pápá, oúnjẹ tán. Nígbà tí Yasgur gbọ́ pé àwọn kan ń ta omi fún àwọn ọmọ náà, ó ní kí wọ́n wá bu omi òun lọ́fẹ̀ẹ́. Katakata tún tẹ ọmọ ọdún 17 kan pa níbi tó sùn sí. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ Santana lu orin Jingo. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ló ni orin náà. Ó wà nínú àwo rẹ̀, Drums of Passion, tó jáde lọ́dún 1960.

Jimi Hendrix ló kádìí eré ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ológun rí. Ó fi gìtá ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gìtá náà sì ń ké bí ìgbà tí bọ́ǹbù ń já lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò ti lọ sílé nígbà yẹn.