Ìpinnu Rere àti Búburú Nínú Géèmù RPG

RPG ni irú géèmù tí ẹni tó ń gbá a ti ń gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀, tó sì ń fi ìwà náà rin ìrìn àjò gígùn. Yàtọ̀ sí ìtàn gbòógì, wọ́n lè rán an níṣẹ́ kéékèèké tó lè jẹ́ tàbí kó kọ̀. Side quest ni àwọn ọ̀ta géèmù ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìwà ti ń le jù.

Ultima IV, tí Richard Garriott ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, ló la ọ̀nà. Kò sí ọba ibi kankan láti pa níbẹ̀. Ìwà rere mẹ́jọ ni èèyàn ń lépa. Afọ́jú ni ọlọ́jà tó ń ta egbòogi. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò ka owó lé e lọ́wọ́, bí owó náà kò bá sì pé, ọlọ́jà kò ní fọhùn, ṣùgbọ́n géèmù yóò dín máàkì òtítọ́ oníbàárà náà kù láìjẹ́ kó mọ̀. Yorùbá tó mọ̀ nípa ọjà tí wọ́n ń pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà oko láìsí olùṣọ́, tí òkúta wẹ́wẹ́ ń sọ iye owó, mọ àdánwò yìí dáadáa.

Àwọn géèmù tó tẹ̀ lé e, bíi Mass Effect (2007), wá ń fi máàkì fún ìwà ní gbangba. Òwò nìyẹn ṣáá. Fallout 3 (2008) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni side quest tó yẹ kí ará Lekki l'Ékòó mọ̀ jù wà: Tenpenny Tower, ilé gogoro olódi tí àwọn olówó ń gbé, tí ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì. Àwọn tí ìtànṣán átọ́míìkì ti ba ara wọn jẹ́, tí Roy Phillips ń ṣáájú wọn, fẹ́ gbé ibẹ̀. Wọ́n lówó lọ́wọ́, ìrísí wọn ni àwọn onílé kò fẹ́ rí. Èèyàn lè gbowó kó pa wọ́n, ó lè ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn fún wọn kí wọ́n pa àwọn onílé, ó sì lè là wọ́n níjà kí wọ́n jọ máa gbé. Ẹni tó bá là wọ́n níjà yóò padà débẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò sì bá òkú àwọn onílé. Bó bá fìbínú pa Roy, òun náà ni géèmù yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn.

Láti Lekki títí dé Ajah, estate olódi ló kún ọ̀nà. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki l'Ékòó wó Maroko, àdúgbò àwọn tálákà nítòsí ibẹ̀, lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló pàdánù ilé. Díẹ̀ nínú wọn ló rí ibùgbé gbà ní Ilasan àti Ikota. Ọmọ ìdílé tí wọ́n lé kúrò ní Maroko lè má tètè dá Roy lẹ́bi.

Síbẹ̀, RPG kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nílé géèmù àdúgbò, géèmù bọ́ọ̀lù ló gbilẹ̀, nítorí iye ìgbà tí èèyàn gbá ni wọ́n fi ń gbowó. Yàrá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti jẹnẹrétọ̀ ni RPG ń gbé. Maliyo Games, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2012, géèmù kékeré orí fóònù ló fi lókìkí. Kamẹrúùnù ni RPG aláwọ̀ dúdú tó gbajúmọ̀ ti wá: Aurion, tí Kiro'o Games gbé jáde lọ́dún 2016, ìtàn ọmọ aládé tí àna rẹ̀ dìtẹ̀ lé kúrò nílùú.