Ẹni Tí Wọ́n Pa Kí Ẹjọ́ Rẹ̀ Tó Parí

Kí òyìnbó tó fi ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè ní Ìmàgbọ̀n lọ́dún 1892, àwọn àgbà ẹgbẹ́ awo Òṣùgbó ni wọ́n ń jókòó sí ilédì, ilé ìpàdé wọn, láti yẹ ẹjọ́ ìpànìyàn wò; àṣà náà kò ṣàjèjì sí àwọn ìlú bí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú Orímolúsì, àti Àgọ́-Ìwòyè, ìlú Ẹ́búmàwé. N kò ní purọ́ pé ilédì kò ṣi ẹjọ́ dá rí, nítorí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn àgbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìjọba òyìnbó mú kòtẹ́milọ́rùn wá ní tirẹ̀, pé ẹni tí adájọ́ kan bá dá lẹ́bi, kí àwọn mìíràn tún tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kí ikú tó kàn án. Ìrètí yìí ni Nasiru Bello rọ̀ mọ́ nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dájọ́ ikú fún un lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè (kì í ṣe ìpànìyàn, ṣùgbọ́n ikú kan náà ni). Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, a kò tíì parí rẹ̀, ni ìjọba ìpínlẹ̀ pa á.

Àwọn tí ó fi sáyé lọ kò dákẹ́; wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìjọba rú òfin, ó sì ní kí wọ́n sanwó gbà-má-bínú fún wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀ràn pípa náà ni àwọn adájọ́ yanjú, kì í ṣe bóyá Bello jalè, èyí tí adájọ́ kankan kò tún ní lè bi í.