Ta Ló Buwọ́ Lu Ọ̀rọ̀ Bakassi?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí olórí orílẹ̀-èdè bá bá ìjọba mìíràn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ṣé ó ti parí nìyẹn, àbí àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ sọ tẹnu wọn?

Ìwé òfin 1999, abala kejìlá, sọ ọ́ kedere pé àdéhùn kankan ò ní agbára òfin ní Nàìjíríà, àfi ibi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá ti sọ ọ́ di òfin. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tẹnu mọ́ ọn lọ́dún 2000 nínú ẹjọ́ Abacha àti Gani Fawehinmi. Lórí ìwé nìyẹn o. Ẹ bá mi ká lọ sí Bakassi.

Ní June 1, 1975, Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Ààrẹ Ahmadou Ahidjo fọwọ́ sí ìwé kan ní Maroua, ní Kamẹrúùnù, tó pín ààlà ojú òkun láàárín wa. Ológun ló wà lórí àga nígbà náà, kò sí aṣòfin. Ìgbìmọ̀ Ológun Gíga ló ń ṣòfin. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi gbàjọba lọ́wọ́ Gowon. Nígbà tí Kamẹrúùnù pè wá lẹ́jọ́ sí Hague ní 1994, ohun tí àwọn agbẹjọ́rò wa sọ ni pé Ìgbìmọ̀ náà ò fọwọ́ sí ìwé Maroua, nítorí náà kò mú wa.

Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ò gbà. Ní October 10, 2002, wọ́n ní ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba lágbára láti fọwọ́ síwèé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, aládùúgbò ò sì ní láti máa tú ìwé òfin wa wò kó tó gbà á gbọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n èmi ò rí èsì tí èèyàn lè fọ̀. Ilé ló yẹ ká ti tún un ṣe kí kálámù tó kan ìwé.

Ti Bakassi gan-an tilẹ̀ tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti March 11, 1913 ni ilé ẹjọ́ náà fi fún Kamẹrúùnù. Àwọn ọba Calabar tó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn ààbò ní 1884 ńkọ́? Ta ló bi wọ́n!

Ó wá di June 12, 2006 (ẹ ò rí ọjọ́ tí wọ́n mú?), Ààrẹ Obasanjo àti Paul Biya fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní New York, lójú Kofi Annan. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣòfin wà. Síbẹ̀, àwọn sójà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kó kúrò ní August ọdún náà láìjẹ́ pé Ilé fọwọ́ sí i. November 2007 ni àwọn sẹ́nétọ̀ tó sọ pé gbígbé ilẹ̀ náà sílẹ̀ ò bófin mu. Ìjọba ní ìdájọ́ Hague ò ṣeé kọ̀. Ní August 14, 2008, wọ́n fà á lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá, ọ̀pọ̀ apẹja sì dẹni tí kò nílé.

Ẹ ṣí ìwé òfin 1999 yẹn wò, lábẹ́ ìpínlẹ̀ Cross River: orúkọ Bakassi wà níbẹ̀ láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀.